Níbo Ni Owó Iléèwé Ọmọ Wa Ń Wọlé Sí? Ìbéèrè Àwọn Òbí Tó Wà Ní Àbújá, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì bọ́sà ní fásitì ìjọba kan ní apá Àríwá, kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo wá fìdí kalẹ̀ sí Kubwa. Owó tó ń wọlé ni mo ń kọ sílẹ̀, mo sì ń rí èyí tó ń jáde. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ìpàdé ọmọ ìlú wa kì í parí kí ẹnìkan má fa fóònù yọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo owó iléèwé ọmọ yìí. Kí ni gbogbo èyí?" Àwọn mìíràn á ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n tó wá bèèrè. Ó máa ń dùn mí, nítorí òbí tó làágùn kó tó rí owó san yẹ kó mọ ibi tí owó náà wọlé sí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síhìn-ín, pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ nípa wọn.

Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní fásitì ìjọba àpapọ̀. Kí la wá ń sanwó fún?

Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ ní fásitì ìjọba àpapọ̀ kì í san owó ìkọ́ni. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó gbà síṣẹ́. Ní 2020 ni wọ́n kó àwọn fásitì sínú IPPIS, ètò tí ń san owó oṣù láti Àbújá tààrà. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí owó oṣù náà gbà wá, kò ti àpò yín jáde.

Ohun tí ẹ ń san ni owó ìforúkọsílẹ̀, owó ilé ìwòsàn ọgbà, owó ibi ìkàwé, owó yàrá àyẹ̀wò, owó ìdánwò, owó eré ìdárayá, owó káàdì ìdánimọ̀, owó íntánẹ́ẹ̀tì, àti owó ibùgbé fún ẹni tó bá rí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ fojú inú wò ó báyìí: ìjọba gba olùkọ́ fún ọmọ yín, ó ń san owó oṣù rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ó máa ra epo sí àtùpà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ náà lálẹ́. Ẹ̀yin lẹ ó ra omi, ẹ ó sanwó fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ ó sì dí òrùlé tó ń jò. Bí epo bá ti wọ́n, owó yín á lọ sókè, bí wọn ò tiẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan kún ti olùkọ́. Ẹni tó bá mú èyí dání, ìyókù ọ̀rọ̀ mi ò ní ṣòro fún un.

Fásitì ìpínlẹ̀ yàtọ̀ ní tiwọn, wọ́n ń gba owó ìkọ́ni. Ìdí nìyẹn tí Kaduna State University fi lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà ní 2021, láti iye tí kò tó ₦30,000 sí ₦150,000 ó kéré tán, tí ti àwọn ẹ̀ka kan sì dé ₦500,000. Nígbà tó di 2023, Gómìnà Uba Sani gé e, ₦150,000 di ₦105,000.

Ìjọba kì í fún wọn lówó epo àtùpà yẹn ni?

Ó ń fún wọn, ó kéré ni. Nínú ìwé ìsúná ìjọba àpapọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí ìkànnì Budget Office, ọ̀nà mẹ́ta ni owó fásitì kọ̀ọ̀kan pín sí: owó òṣìṣẹ́, owó ìnáwó ojoojúmọ́, àti owó iṣẹ́ àkànṣe. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Owó òṣìṣẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù, owó ìnáwó ojoojúmọ́ sì dà bí ìka ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ìka ọmọdé yẹn ni láìtì, omi, dísẹ́ẹ̀lì, bébà, oògùn ilé ìwòsàn àti àtúnṣe ọkọ̀ ti máa jáde.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, owó tó wá fún oṣù kan kì í bá wa dé ìparí oṣù. Nígbà mìíràn, oṣù méjì á kọjá kó tó dé rárá. Bọ́sà á kó wa jọ, a ó máa yan ẹni tí a ó san: ṣé alágbàṣe tó ń gbá ọgbà ni, àbí ẹni tó ta dísẹ́ẹ̀lì fún wa láwìn? Ẹni tí a kò bá san lóṣù yìí, ó mọ̀ pé a ó tún padà wá bá òun, nítorí náà ó máa ń fi owó lé ọjà rẹ̀ sílẹ̀ dè wá. Àwìn náà wà nínú owó tí ẹ ń san.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́. Ní 2023, ìjọba múra láti máa yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó tí fásitì fúnra wọn ń pa wọlé, níbi tí èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san wà. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, Ààrẹ Tinubu sì ní kí wọ́n dá a dúró nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ká ní ó kọjá ni, nínú ₦100 tí ẹ bá san, ₦40 ì bá ti padà sọ́dọ̀ ìjọba kó tó kan ọmọ yín.

Ṣé láìtì nìkan lè gbé owó iléèwé sókè tó báyẹn?

Ó lè gbé e. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò padà síbi tó ti kúrò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ọgbà kan ń lo yúníìtì 1,000 ní wákàtí kan, fún wákàtí 10 lójúmọ́. Yúníìtì 10,000 nìyẹn. Ní ₦68, ₦680,000 lójúmọ́ ni, ₦20.4 mílíọ̀nù lóṣù. Ní ₦225, ó di ₦2.25 mílíọ̀nù lójúmọ́, ₦67.5 mílíọ̀nù lóṣù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 20,000, ohun tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan kúrò ní ₦1,020 lóṣù, ó di ₦3,375. Fún oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń kàwé, ₦9,180 di ₦30,375. Ọmọ náà ò rí gílóòbù kan lé èyí tó ń rí tẹ́lẹ̀. N kò tíì fi VAT kún un, n kò sì tíì fẹnu kan dísẹ́ẹ̀lì.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ ìdánwò kan tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní fi ń ṣèdánwò, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ sinmi. Awakọ̀ ẹni tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì wa láti àárọ̀, ó ní òun ò ní já epo sílẹ̀ àfi tí a bá san gbèsè tó wà nílẹ̀. Owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún kẹ́míkà yàrá àyẹ̀wò la fi san án. Nígbà tí ìdánwò àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì dé, igba ọmọ ló yí tábìlì kan ká láti máa wo ẹnìkan ṣoṣo tó ń da kẹ́míkà pọ̀. Wọ́n sì ti san owó yàrá àyẹ̀wò pé pérépéré. Èmi ni mo kọ rìsíìtì wọn. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú mi kì í dùn.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní 2019, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná sólà mẹ́gáwáàtì 7.1 sí Bayero University ní Kánò, lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn fásitì níná. Bátìrì máa ń gbó, sólà pẹ̀lú ń fẹ́ ìtọ́jú, àmọ́ oòrùn Àríwá kì í já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí òbí lè béèrè lọ́wọ́ gíwá fásitì lónìí, mo gbà pé "Ètò wo lẹ ṣe nípa sólà?" ló ṣe pàtàkì jù.

Àwọn ilé ńláńlá tó kún inú ọgbà ńkọ́? Owó wa kọ́ ni wọ́n fi kọ́ wọn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, owó yín kọ́. Ẹ wo àkọlé ara ilé náà, ẹ máa rí TETFund. Owó-orí àwọn ilé iṣẹ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1993 lábẹ́ orúkọ Education Tax Fund, ó di TETFund ní 2011. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀rẹ̀. Ó di ìdá 2.5 nípasẹ̀ òfin 2021, ó sì di ìdá 3 ní 2023. Òfin owó-orí tuntun ti 2025 wá dà á pọ̀ mọ́ owó mìíràn tí àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdá 4, TETFund yóò sì máa gba ìdajì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni pé owó yìí wà fún ilé, ìwádìí àti rírán olùkọ́ lọ kàwé. Kò wà fún owó iná. Fásitì lè rí owó kọ́ gbọ̀ngàn alájà mẹ́ta, kí ó má sì rí owó tan gílóòbù inú rẹ̀. Ilé tuntun kọ̀ọ̀kan tún ń bí ìnáwó tirẹ̀: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́, omi, amúlétutù. TETFund á kọ́ ọ, a ó ya ríbọ́ọ̀nù, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìtọ́jú rẹ̀ á bọ́ sórí owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ilé tuntun, ẹ má tíì máa yọ̀ pé owó yín á dínkù.

Ṣé kì í ṣe àwọn olùkọ́ ló ń jẹ owó náà?

Rárá. Mo mọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Gwagwalada lọ síbi iṣẹ́. Àdéhùn tí ìjọba bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ṣe ní 2009 ni wọ́n ń fà títí di ìyanṣẹ́lódì 2022, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, tí kò sì parí àfi oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ! Lójú òbí, ìyanṣẹ́lódì pàápàá jẹ́ owó iléèwé: onílé ti gba owó ọdún kan, yàrá ṣófo, ọmọ jókòó sílé, ọdún sì ń lọ lórí rẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ tọ́ka sí ibi tí owó òṣìṣẹ́ ti ń ṣòfò, iye òṣìṣẹ́ tí kì í kọ́ni ni màá tọ́ka sí, àti iye iléèwé tí a ń ṣí. Ní oṣù Kẹjọ 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ò ní dá iléèwé gíga tuntun sílẹ̀ fún ọdún méje, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, sọ pé fásitì kan wà ní Àríwá tó ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,200, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò sì tó 800. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì! Kò sí ilé oúnjẹ tó lè ní agbáwo mẹ́ta fún oníbàárà méjì kó má wó. Òṣèlú ló ń bẹ fún fásitì ní ìlú rẹ̀, ó sì ń bẹ fún iṣẹ́ níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Owó tí ì bá ti tan iná fún àwọn ọmọ tó ń ṣe ìmọ̀ ìṣègùn ní Sáríà tàbí Máídúgùrì ló ń lọ síbẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé sísókè ni owó iléèwé ń sókè, kárí ayé?

Ẹ wo onígbàjámọ̀. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, orí mẹ́ta ló lè gé ní wákàtí kan. Lónìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ, bóyá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe bàtà ti ní ilé iṣẹ́ tó ń tú ẹgbẹ̀rún jáde lójúmọ́, nítorí náà bàtà lè dínwó. Onígbàjámọ̀ kò lè jókòó síbi owó àtijọ́, nítorí iye tí aládùúgbò rẹ̀ ń ra garí lòun náà ń rà á. Owó orí gígé á máa lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé e kò yí padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ olùkọ́ rí. Wákàtí kan ṣì ni wákàtí kan, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pọ̀ jù níwájú rẹ̀, ẹ̀kọ́ á bàjẹ́. William Baumol àti William Bowen, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé èyí ní 1966. Àwọn onílù àti òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá iléèwé àti ilé ìwòsàn mu. Nítorí náà, kí ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni.

Ohun tó jẹ́ tiwa nìkan ni dọ́là. Kẹ́míkà, máíkírósíkóòpù, ìwé ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì, áńtíváírọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ òkè òkun ni. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ohun tí yàrá àyẹ̀wò kan ń rà ní mílíọ̀nù kan di mílíọ̀nù mẹ́ta. Àsìkò yẹn náà ni NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn fásitì, mú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS wọlé: ìdá 70 láti ọ̀dọ̀ NUC, ìdá 30 láti ọ̀dọ̀ fásitì. Ètò dáadáa ni, àmọ́ ó ń béèrè irinṣẹ́ tuntun, bí àwọn aṣàyẹ̀wò NUC bá sì dé tí irinṣẹ́ ò sí, ẹ̀ka náà lè pàdánù ìfọwọ́sí. Fásitì á sáré rà á, owó á gorí akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe àsọdùn: ọdún 2023 yẹn náà ni UNILAG gbé tirẹ̀ láti ₦19,000 sókè kọjá ₦100,000, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọn jókòó tí wọ́n sì dín in kù díẹ̀.

Fásitì aládàáni ní Àbújá ń gba mílíọ̀nù. Ṣé ìwọra ni?

Bí ìwọra bá wà, ìdí mìíràn náà wà. Nile, Baze, Veritas ní Bwari: kò sí èyí tí ìjọba ń san owó oṣù olùkọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó ń gba TETFund. Gbogbo epo, gbogbo àtùpà, àti olùkọ́ fúnra rẹ̀, orí òbí ni. Tí wọ́n bá yáwó kọ́lé, èlé tún wà: ìwọ̀n èlé tí báńkì àpapọ̀ fi lélẹ̀ kúrò ní 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 2023, ó dé 27.5 kí 2024 tó parí, báńkì sì ń fi tiwọn lé e. Ohun tí ẹ ń rà níbẹ̀ ni pé ìyanṣẹ́lódì ò ní dá ọmọ yín dúró. Ẹni tó bá lè ra ìyẹn, kó rà á. Kí ẹni tí kò bá ní in má ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí rẹ̀, National Open University wà ní Jabi, owó rẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kàdúná la bí ọmọ mi sí, ibẹ̀ ló ti ka ìwé mẹ́wàá. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kó san owó àlejò?

Ìbéèrè yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú omijé. Ọ̀pọ̀ fásitì ìpínlẹ̀ ni iye tí ọmọ onílẹ̀ ń san yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ń pè ní àlejò, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n sì fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹnìkan lè ti bá Kàdúná san owó-orí fún ọgbọ̀n ọdún, kó máa sọ Haúsá ju Yorùbá lọ, ọmọ rẹ̀ á ṣì jẹ́ ará Ọ̀ṣun lórí ìwé. Ọmọ náà tún lè dé Òṣogbo kí wọ́n ní kò gbọ́ èdè ìlú. Mo gbà pé kò tọ́: ibi tí òbí ti ń san owó-orí ló yẹ kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Kó tó yí padà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi fásitì ìjọba àpapọ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, kí ẹ sì ti gba ìwé ìbílẹ̀ láti ilé kí wọ́n tó béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ńkọ́? Ṣé kí ọmọ mi gbà á?

Bí owó bá fẹ́ dá ọmọ náà dúró, kó gbà á. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2024 ló ń darí rẹ̀ báyìí, ó rọ́pò ti 2023. Kò ní èlé. Owó iléèwé ń lọ sí àpò fásitì tààrà, ọmọ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìjẹun. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, bó bá ti níṣẹ́, wọn á máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ọmọ fásitì aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́. Ìkíní, ní 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ ké pé àwọn iléèwé kan gba owó náà láìsọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín, tí òbí sì ti san owó kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wo àkáǹtì rẹ̀ lórí ìkànnì NELFUND fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti san án, ẹ kọ̀wé sí bọ́sà kí ó dá a padà, ẹ má kàn fẹnu sọ.

Ìkejì jinlẹ̀ díẹ̀. Ní 1987, William Bennett, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ pé bí ìjọba bá ti ń fi owó ìrànwọ́ kún, bẹ́ẹ̀ ni iléèwé á máa gbé owó sókè láti gbà á mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún wa. Nígbà tí òbí ń wá owó, gíwá ń rí ojú òbí, ó sì ń ṣàánú. Bó bá jẹ́ pé àjọ kan ní Àbújá ló ń sanwó, ojú tí yóò ti í lè dínkù, gbèsè náà sì wà lọ́rùn ọmọ.

Mo gbọ́ pé ẹnìkan lè bá mi san owó iléèwé ní ẹ̀dínwó. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Láti 2015 ni owó iléèwé ìjọba àpapọ̀ ti ń lọ sínú àpò kan ṣoṣo ti ìjọba, nípasẹ̀ Remita. Ọmọ yín á gba nọ́ńbà RRR lórí ìkànnì iléèwé rẹ̀, ẹ ó san án, rìsíìtì á jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀, bó jẹ́ òṣìṣẹ́, bó jẹ́ ọmọ ìjọ yín, ẹ má sanwó sí i. Ìyá kan ní Nyanya san ₦85,000 fún irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀, ó sì fi ayédèrú rìsíìtì hàn mí. Mo wo nọ́ńbà orí rẹ̀, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀, n kò sì mọ bí màá ṣe sọ fún un.

Kí ni owó tí kò sí lórí ìwé wọn?

Ilé. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í kárí, àwọn tó ṣẹ́kù á háyà yàrá ní Gwagwalada, Giri tàbí Zuba, onílé á sì gba ọdún kan. Ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e: lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà pẹtiróòlù kan dé ₦617 ní Àbújá nínú oṣù Keje, kẹ̀kẹ́ sì fi kún tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Dátà, ìwé ẹ̀dà, oúnjẹ. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé tí mo bá ṣírò, ìwọ̀nyí ju owó iléèwé fúnra rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó gba yàrá, ẹ bi onílé bóyá ó gba oṣù mẹ́fà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń jí owó náà?

Ó ń ṣẹlẹ̀. EFCC ti gbé gíwá dé ilé ẹjọ́ rí. Èyí tí mo fojú rí kì í sábà jẹ́ àpò owó tí ẹnìkan gbé sá lọ. Iye tí wọ́n kọ sórí iṣẹ́ ni wọ́n ń bù kún: àga ₦20,000 tó di ₦45,000 lórí ìwé, ìrìnàjò tí ènìyàn márùn-ún lọ tí orúkọ mẹ́jọ sì gba owó rẹ̀. Òbí kò lè rí èyí láti Kubwa, àmọ́ ó lè béèrè.

Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà fásitì ìpínlẹ̀ ò lè fi ara pamọ́ mọ́.

Ẹ má kọ lẹ́tà ìbínú. Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo nínú owó tí ọmọ yín san, kí ẹ béèrè nípa rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ: "Mo ń béèrè, lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn 2011, iye owó yàrá àyẹ̀wò tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà tó kọjá, iye tí ẹ ná nínú rẹ̀, ohun tí ẹ fi rà, àti ọjọ́ tí ẹ rà á." Èmi ni mo gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Òbí mẹ́rin ló fọwọ́ sí i, wọn ò sì bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ra kẹ́míkà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ fún akọ̀wé àgbà fásitì fúnra yín, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà sílé.